Bí Excel Bá Ṣàdédé Jáwọ́ Nínú Ìṣirò: Bí Ẹ Ṣe Máa Wá Fáìlì Tó Kó Manual Ran Àwọn Yòókù

Ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn tó ń fi Excel ṣe ìwé owó l'Abẹ́òkúta, ì báà jẹ́ ọlọ́jà àdìrẹ n'Ítòkú, akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù l'Ásèrò, tàbí olùkọ́ tó ń ṣe èsì ìdánwò: "Mo yí iye ọjà padà, àròpọ̀ ò yí. Lánàá ó ń ṣiṣẹ́. Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan." Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ẹ lè má fọwọ́ kan ohunkóhun kí ètò ìṣirò Excel yín sì ti kúrò ní Automatic (tó ń ṣírò fúnra rẹ̀) bọ́ sí Manual (tó ń dúró dìgbà tí ẹ bá ní kó ṣírò). Dídá a padà kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Iṣẹ́ gidi ni pé kí ẹ wá fáìlì tó mú un wọlé, torí bí ẹ ò bá rí i, ọ̀la ni yóò tún padà wá.

Excel orí Windows ni ìtọ́sọ́nà yìí dá lé. Ọ̀rọ̀ LibreOffice àti Google Sheets wà nísàlẹ̀ pátápátá.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá Manual ni lóòótọ́

Bí fáìlì náà bá ti orí WhatsApp tàbí ímeèlì wá, tí ẹ sì rí ìlà aláwọ̀ òféèfèé lókè tó ní Protected View, ẹ tẹ Enable Editing ná. Fáìlì tó wà nínú Protected View kì í ṣírò. Lẹ́yìn náà:

1. Ẹ wá sẹ́ẹ̀lì méjì tó ṣófo. Ẹ kọ 5 sínú ọ̀kan, ká ní H1. Ẹ kọ =H1*2 sínú I1. Ẹ ó rí 10.
2. Ẹ yí 5 sí 8, kí ẹ tẹ Enter.
3. Bí I1 bá di 16, Automatic ni. Ẹ fò lọ sí ìpín "Automatic ni, síbẹ̀ kò ṣírò".
4. Bí I1 bá dúró sórí 10, Manual ni.
5. Ẹ pa ohun tí ẹ kọ rẹ́.

Àwọn àmì mìíràn tó ń tú u fó:

- Ọ̀rọ̀ náà Calculate hàn ní ìsàlẹ̀ lápá òsì.
- Ẹ tẹ F2 lórí sẹ́ẹ̀lì kan, ẹ tẹ Enter, sẹ́ẹ̀lì yẹn nìkan ló tọ́, àwọn yòókù ò mì.
- Nínú Microsoft 365 tuntun, ìlà lè fa kọjá láàárín nọ́ńbà tí kò tíì di títúnṣírò.
- Ẹ fa fọ́múlà sísàlẹ̀, nọ́ńbà kan náà ló jáde ní gbogbo ìlà.

Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ló ń da àwọn ènìyàn láàmú jù. Ìlà àkọ́kọ́ jẹ́ yáàdì 6 ní ₦2,500, ó fún yín ní ₦15,000. Ẹ fà á dé ìlà 40, gbogbo wọn ń pariwo ₦15,000, yáàdì 3 àti yáàdì 20 bákan náà. Ọ̀pọ̀ á rò pé fọ́múlà ló bàjẹ́. Wọ́n á pa á rẹ́, wọ́n á fi ẹ̀rọ ìṣirò ọwọ́ ṣe é, wọ́n á sì tẹ nọ́ńbà náà síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ láé. Manual ṣeé wò sàn láàárín ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí ẹ fọwọ́ tẹ̀ lé orí fọ́múlà yóò dúró síbẹ̀ títí ọdún yóò fi parí, kò sì ní yí mọ́ bí iye ọjà bá yí.

Ìdí tó fi ń yí láìjẹ́ pé ẹnì kan yí i

Ohun mẹ́ta péré ni kí ẹ mọ̀. Bí wọ́n bá ti yé yín, gbogbo ìyókù á rọrùn.

Àkọ́kọ́, Automatic tàbí Manual kì í ṣe ti fáìlì kan lákòókò tí ẹ ń ṣiṣẹ́. Ti Excel fúnra rẹ̀ ni. Gbogbo fáìlì tó wà ní ṣíṣí ló ń lo ọ̀kan náà.

Èkejì, fáìlì tí ẹ bá kọ́kọ́ ṣí ló ń pinnu. Bí wọ́n bá ti fi í pamọ́ pẹ̀lú Manual, Excel á di Manual. Èyí tí ẹ bá ṣí tẹ̀lé e á tẹ̀lé òfin tó bá nílẹ̀, ì báà jẹ́ pé Automatic ni wọ́n fi òun pamọ́ sí.

Ẹ̀kẹta, bí ẹ bá tẹ Save, fáìlì kọ̀ọ̀kan á gbé ìpò tó wà lójú ẹsẹ̀ yẹn lọ sílé. Ibí ni àrùn ti ń ràn.

Ẹ wò ó báyìí. Akọ̀wé kan l'Ókè-Ìlèwó gba fáìlì ńlá lọ́wọ́ oníṣirò owó. Oníṣirò náà ti fi í sí Manual nítorí pé ó wúwo. Òwúrọ̀ Ajé, akọ̀wé ṣí i ṣáájú. Ó ṣí ìwé ẹ̀yáwó lé e, ó ṣí ti owó oṣù lé e, ó sì sééfù gbogbo wọn kó tó lọ sílé. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kò tilẹ̀ ṣí fáìlì oníṣirò rárá. Owó oṣù ló ṣí ṣáájú, Manual ló sì bá. Fáìlì kan ti di mẹ́ta. Bó bá gbé èyí sórí fláàṣì lọ tẹ̀ ẹ́ jáde ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Pànṣẹ́kẹ́, àwọn fáìlì ibẹ̀ náà lè kó o nìyẹn.

Ìdí nìyí tó fi dà bí iṣẹ́ àìrí: ó ń ṣiṣẹ́ lónìí, kò ṣiṣẹ́ lọ́la, kọ̀ǹpútà kan náà, fáìlì kan náà. Ohun tó yàtọ̀ kò ju èyí tí ẹ kọ́kọ́ ṣí lọ.

Kí ẹ tó dá a padà: bí ẹ bá ti fi nọ́ńbà yẹn sanwó

Ní kété tí ẹ bá yí i sí Automatic, Excel á tún gbogbo rẹ̀ ṣírò, nọ́ńbà àtijọ́ á sì pòórá. Bí ẹ bá ti san owó oṣù, tàbí tí ẹgbẹ́ ti pín èrè lórí ìwé yẹn, ẹ ní láti mọ ibi tí ó ti ṣì. Nítorí náà:

1. Ẹ pa fáìlì náà dé, kí ẹ yan Don't Save bí kò bá sí ohun pàtàkì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ sí i.
2. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ nínú File Explorer, kí ẹ sọ ẹ̀dà náà ní orúkọ tó yé yín, bíi Owo-osu-atijo.xlsx.
3. Ẹ pa gbogbo Excel tó kù dé, kí ẹ ṣí ẹ̀dà yìí nìkan. Bí ẹ bá ṣí i lẹ́yìn fáìlì tó wà ní Automatic, ó lè tún ara rẹ̀ ṣírò lójú ẹsẹ̀, ẹ̀rí á sì bọ́.
4. Ẹ da gbogbo ibi tí nọ́ńbà wà kọ (Ctrl+C), ẹ tẹ Shift+F11 fún ṣíìtì tuntun, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pẹ̀lú Paste Special, Values, bẹ̀rẹ̀ láti sẹ́ẹ̀lì kan náà tó ti bẹ̀rẹ̀ ní ṣíìtì àkọ́kọ́.
5. Ẹ tẹ Ctrl+Alt+F9.
6. Nínú ṣíìtì kẹta, ẹ yọ èkejì kúrò nínú èkíní, bíi =Sheet1!D2-Sheet2!D2. Ẹ fà á dé ìsàlẹ̀, kí ẹ tún tẹ F9. Ibikíbi tí kò bá ti jẹ́ 0, ibẹ̀ ni owó ti ṣì.

Ẹ ṣọ́ra fún Save. Nínú Manual, àpótí kan wà tó ń jẹ́ Recalculate workbook before saving, ó sì sábà máa ń ní àmì nínú. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ohun tí ẹ tẹ̀ jáde kí ẹ tó sééfù lè yàtọ̀ sí ohun tí ẹlòmíràn tẹ̀ jáde lẹ́yìn tí ẹ sééfù. Ibi tí akápò àti akọ̀wé ti máa ń bára wọn jiyàn nìyẹn, ìwé méjì láti inú fáìlì kan, àròpọ̀ méjì, láìsí ẹni tó purọ́.

Bí ẹ ṣe máa dá a padà

1. Ẹ lọ sí Formulas, Calculation Options, kí ẹ yan Automatic. Ọ̀nà kejì ni File, Options, Formulas, níbi tí Workbook Calculation wà.
2. Ẹ tẹ Ctrl+Alt+F9. Lórí àwọn laptop kan, ẹ ní láti di Fn mú pẹ̀lú rẹ̀.
3. Ẹ lọ sórí fáìlì kọ̀ọ̀kan tó wà ní ṣíṣí, ẹ kọ ohun kan sí sẹ́ẹ̀lì òfìfo, ẹ pa á rẹ́, kí ẹ tẹ Ctrl+S. Ìgbésẹ̀ yìí làwọn ènìyàn máa ń fò. Bí ẹ ò bá sééfù, Manual ṣì wà nínú fáìlì yẹn.
4. Ẹ pa gbogbo Excel dé. Ẹ tẹ Ctrl+Shift+Esc, kí ẹ wò ó nínú Task Manager bóyá Microsoft Excel kan ṣì fara pamọ́ síbẹ̀. Bó bá wà tí kò sì sí fáìlì yín kankan ní ṣíṣí, ẹ tẹ End task.
5. Ẹ ṣí fáìlì kan ṣoṣo, kí ẹ tún ìdánwò 5 àti 8 yẹn ṣe.

Ohun tí bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan ń ṣe, torí wọn kì í ṣe ohun kan náà:

- F9: ó ń ṣírò ohun tó ti yí nínú gbogbo fáìlì tó wà ní ṣíṣí.
- Shift+F9: ṣíìtì tí ẹ wà lórí rẹ̀ nìkan. Ẹ má gbọ́kàn lé e bí ṣíìtì yín bá ń mú nọ́ńbà láti ibòmíràn.
- Ctrl+Alt+F9: gbogbo fọ́múlà, ì báà yí, ì báà má yí.
- Ctrl+Alt+Shift+F9: ó tún ń yẹ fọ́múlà tó so mọ́ra wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí ti òkè ò bá ṣiṣẹ́ ni kí ẹ lò ó.

Bí Automatic Except for Data Tables bá ni ẹ bá níbẹ̀, èyí tí Excel tuntun ń pè ní Partial, gbogbo nǹkan á máa ṣírò àfi Data Table inú What-If Analysis. Téèbù lásán tí ẹ fi Ctrl+T ṣe kò sí lára rẹ̀.

Ẹ wá fáìlì tó ń kó o ràn

Ọ̀nà tó rọrùn: ẹ pa Excel dé pátápátá, ẹ ṣí fáìlì kan ṣoṣo, ẹ wo Calculation Options, ẹ pa Excel dé, ẹ bọ́ sórí òmíràn. Fún fáìlì márùn-ún tàbí mẹ́fà, èyí tó.

Bí wọ́n bá pọ̀, ẹ lè wo inú fáìlì láì fi Excel ṣí i:

1. Ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì .xlsx náà. Orí ẹ̀dà ni kí ẹ ti ṣiṣẹ́, ẹ má fọwọ́ kan ojúlówó.
2. Ẹ jẹ́ kí File name extensions hàn nínú View ti File Explorer, kí ẹ yí .xlsx tó gbẹ̀yìn orúkọ ẹ̀dà sí .zip.
3. Ẹ ṣí i, ẹ wọ inú fódà xl, ẹ fa workbook.xml jáde, kí ẹ fi Notepad ṣí i.
4. Ẹ tẹ Ctrl+F, ẹ wá calcPr.
5. Bí ẹ bá rí calcMode="manual" níbẹ̀, ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́. Bí kò bá sí calcMode rárá, Automatic ni fáìlì yẹn.

Ojú ibẹ̀ kan náà ni ẹ ti lè rí iterate="1" (Enable iterative calculation) àti fullPrecision="0" (Set precision as displayed), tí a ó sọ̀rọ̀ lé lórí nísàlẹ̀. Ọ̀nà yìí kò ṣiṣẹ́ fún .xls àtijọ́, .xlsb, tàbí fáìlì tó ní ọ̀rọ̀ aṣínà láti ṣí i.

Bí gbogbo fáìlì yín bá mọ́, tí Excel sì ń fi Manual bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, ẹ wo PERSONAL.XLSB. Fáìlì tó fara pamọ́ ni, òun ni Excel ń kọ́kọ́ ṣí bí ẹ bá ti fi macro (àkójọ àṣẹ tí Excel ń ṣe fúnra rẹ̀) pamọ́ sínú rẹ̀ rí. Ẹ tẹ View, Unhide. Bó bá wà níbẹ̀, ẹ gbé e jáde, ẹ yan Automatic, ẹ tẹ Hide, ẹ pa Excel dé, kí ẹ sì tẹ Save nígbà tó bá bi yín. Ẹ tún tẹ Windows+R, kí ẹ lẹ %appdata%\Microsoft\Excel\XLSTART mọ́ ọn. Gbogbo fáìlì tó bá wà nínú fódà yẹn ló ń ṣí fúnra rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀.

Bó bá ń yí láàárín iṣẹ́: macro ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí

Àwọn tó ń kọ macro máa ń yí Excel sí Manual kí iṣẹ́ lè yá, wọ́n á sì dá a padà ní ìparí. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé bí macro bá kọsẹ̀ láàárín, tí ẹ sì tẹ End, kò ní dé ìlà tó yẹ kó dá a padà.

1. Ẹ tẹ Alt+F11. Ẹ tẹ Ctrl+G, ẹ kọ ?Application.Calculation, kí ẹ tẹ Enter. -4105 ni Automatic, -4135 ni Manual, 2 sì ni èyí tó yọ Data Table sílẹ̀.
2. Ẹ ṣiṣẹ́ macro náà, kí ẹ tún béèrè. Bí nọ́ńbà bá yí, ẹ ti rí i.
3. Ẹ fi Ctrl+F wá xlCalculationManual, àti xlManual nínú macro àtijọ́.
4. Ẹ tún un kọ báyìí, kí ó lè dá ìpò padà ì báà kọsẹ̀ tàbí kó má kọsẹ̀:

```
Sub IsiroOsu()
    Dim ipo As XlCalculation
    ipo = Application.Calculation
    On Error GoTo Pari
    Application.Calculation = xlCalculationManual
    ' ise macro wa nibi
Pari:
    Application.Calculation = ipo
    If Err.Number <> 0 Then MsgBox Err.Description
End Sub
```

Ẹ kíyè sí i pé ohun tó bá nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń dá padà. Kò fipá sọ ọ́ di Automatic, torí ẹni tó ń lò ó lè ti mọ̀ọ́mọ̀ wà ní Manual.

Add-in (ètò àfikún tí wọ́n so mọ́ Excel) náà lè ṣe é. Ẹ di Ctrl mú bí ẹ ṣe ń ṣí Excel kí ó lè wọ Safe Mode. Bí ìṣòro bá lọ, ẹ lọ sí File, Options, Add-ins, ẹ pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí ẹ ó fi bá èyí tó ń ṣe é.

Bó bá jẹ́ pé ẹ nílò Manual gan-an

Fáìlì tó ń gba ìṣẹ́jú méjì lórí gbogbo nọ́ńbà tí ẹ bá tẹ̀ kò ṣeé lò ní Automatic, pàápàá tí iná bá lè lọ nígbàkígbà. Ẹ fi í sí Manual, ṣùgbọ́n ẹ yà á sọ́tọ̀. Ẹ tẹ Windows+R, ẹ kọ excel /x. Excel mìíràn á ṣí tó ní ìpò tirẹ̀. Inú rẹ̀ ni kí ẹ ti fi File, Open gbé fáìlì wúwo náà. Bí ẹ bá fẹ́ mú nǹkan láti ọ̀kan sí èkejì, ẹ má retí pé fọ́múlà á bá a lọ dáadáa.

Fún àwọn tó ń gba fáìlì lọ́wọ́ oríṣiríṣi ènìyàn lójoojúmọ́, àbò tó dára jù ni èyí: ẹ ṣí Excel pẹ̀lú Blank workbook, ẹ tẹ lẹ́tà kan sínú rẹ̀ kí ó má bàa pa ara rẹ̀ dé, lẹ́yìn náà kí ẹ fi File, Open gbé fáìlì àlejò wọlé. Automatic ni yóò bá nílẹ̀. Ẹ má kàn tẹ fáìlì lẹ́ẹ̀mejì láti orí WhatsApp kí ó jẹ́ òun ni yóò kọ́kọ́ wọlé.

Automatic ni, síbẹ̀ kò ṣírò

- *Ẹ kọ N mọ́ owó.* N7,500 tí ẹ fọwọ́ tẹ̀ kì í ṣe nọ́ńbà lójú Excel, ọ̀rọ̀ ni. SUM á fò ó kọjá láì sọ fún yín, bí ẹ bá sì lo + ẹ ó rí #VALUE!. Ẹ yan òpó owó yẹn nìkan, ẹ fi Ctrl+H yọ N kúrò, kí ẹ tẹ 7500 lásán, kí ẹ wá mú àmì náírà láti Format Cells.
- *Nọ́ńbà láti ìwé báńkì.* Ó so mọ́ apá òsì, ó sì ní àmì kékeré aláwọ̀ ewé ní igun. Ẹ yan òpó náà, Data, Text to Columns, Finish.
- *Fọ́múlà ló ń hàn dípò èsì.* Ẹ tẹ Ctrl àti ` tó wà lábẹ́ Esc. Bí kò bá yí, Text ni wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì náà sí. Ẹ yí i sí General, ẹ tẹ F2, ẹ tẹ Enter.
- *Àròpọ̀ ń ga sí i fúnra rẹ̀.* Fọ́múlà ń ka ara rẹ̀ mọ́ àròpọ̀. Excel yẹ kó kìlọ̀, ṣùgbọ́n bí fáìlì tí ẹ kọ́kọ́ ṣí bá ní Enable iterative calculation, ìkìlọ̀ náà kò ní jáde. Ètò yìí náà ń ràn bíi Manual. Ẹ yọ àmì rẹ̀ nínú File, Options, Formulas, àfi bó bá jẹ́ pé ẹni tó ṣe fáìlì náà mọ̀ọ́mọ̀ lò ó.

Nípa Set precision as displayed, tó wà nínú File, Options, Advanced: bí kọ́bọ̀ ò bá bára mu, ẹnì kan lè gbà yín níyànjú pé kí ẹ fi àmì sí i. Ẹ má ṣe é. Kọ́bọ̀ tó bá gé kúrò kò ní padà mọ́, kódà bí ẹ bá yọ àmì náà. ROUND nínú fọ́múlà ni kí ẹ lò.

LibreOffice àti Google Sheets

Nínú LibreOffice Calc, ẹ lọ sí Data, Calculate, kí ẹ rí i pé AutoCalculate ní àmì. Ctrl+Shift+F9 ló ń tún gbogbo rẹ̀ ṣírò. Bí fáìlì Excel bá ń ṣí pẹ̀lú nọ́ńbà àtijọ́ níbẹ̀, ẹ wo Tools, Options, LibreOffice Calc, Formula: Recalculation on File Load, kí ẹ yan Always recalculate fún Excel 2007 and newer.

Google Sheets kò ní Manual rárá. Ohun tó wà nínú File, Settings, Calculation kàn ń sọ iye ìgbà tí NOW, TODAY, RAND àti irú wọn á máa yí: nígbà tí ẹ bá yí nǹkan nìkan, tàbí nígbà náà àti ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, tàbí nígbà náà àti ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Bí àròpọ̀ ò bá yí níbẹ̀, ẹ wo N tí wọ́n kọ mọ́ owó.